Báálù "Ká Ní": Bí Ẹ Ṣe Lè Kan Ọkọ̀ Òfurufú Ojú Omi Kékeré, Kí Ẹ sì Gbé E Sórí Omi Ìlàjẹ

Ká ní ìjọba Ìpínlẹ̀ Ondo ra báálù tó ń bà sójú omi ní 1977. Ká ní ó ń gbé dókítà àti oògùn láti Ìgbókòdá lọ sí Ayétòrò, kó tó gba Ọ̀sà Èkó lọ. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n báálù náà wà lórí tábìlì mi ní Àkúrẹ́ níbí, wọ́n so ó mọ́ èbúté, ọkùnrin kan lóṣòó sórí bàtà báálù náà (ohun gígùn méjì bí ọkọ̀ àjẹ̀ tó gbé e lórí omi), ó ń fa omi jáde nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń béèrè ọdún tí wọ́n tà á.

Iṣẹ́ "ká ní" ni mo ń pè é. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tó lófin: nǹkan kan ṣoṣo lẹ lè parọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó kù láyìíká irọ́ yẹn, bẹ̀rẹ̀ láti orí bí báálù ṣe rì sómi dé orí ewé tó léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Bí ẹ bá parọ́ kejì, ohun ìṣeré ọmọdé lẹ kàn.

Ìtàn ló ń ṣáájú ọ̀bẹ

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ike tàbí pákó, ẹ kọ ohun mẹ́rin sínú ìwé: ta ló ni báálù yìí, ọdún wo ni, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, omi wo ló wà lórí rẹ̀. Ìdáhùn yín ni yóò máa pàṣẹ fún yín títí iṣẹ́ á fi parí.

Mo mú 1977 nítorí pé ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ondo sílẹ̀ láti ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ìjọba tuntun kì í ṣàì fẹ́ fi nǹkan tuntun yangàn, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìtàn yìí á gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Báálù tí mo mú ni Beaver, èyí tí de Havilland Canada ṣe. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ 1947 ló kọ́kọ́ fò. Ọdún 1947 yẹn náà ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó létí òkun. Nígbà tí mo rí ọdún méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mi ò wá báálù mìíràn mọ́.

Ẹ wo bí ọdún ṣe ń pàṣẹ. Báálù Nàìjíríà tí ìjọba amúnisìn fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní láti ní VR-N lára. Lẹ́yìn òmìnira, 5N ni. Nítorí náà 5N ni ti 1977, mo sì fi ILJ tẹ̀lé e, 5N-ILJ, kí ẹni tó bá mọ Ìlàjẹ lè rẹ́rìn-ín. Koríko tó ní òdòdó àwọ̀ àlùkò tó bo ojú omi wa lónìí ńkọ́? Kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Nǹkan bí 1984 ló gba ìhà Bàdágìrì wọlé. Mo ti rí iṣẹ́ ẹnì kan tó gbé e sínú ìran ọdún 1950. Ó kan án dáadáa o, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára koríko yẹn.

Ọmọ ará ilé wa kan ló gba èmi náà lọ́wọ́ ìtìjú. Mo ti kọ ÀKÚRẸ́–AYÉTÒRÒ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn báálù nígbà tó dúró tì mí.

"Bọ́ọ̀dá, níbo ló máa bà sí ní Àkúrẹ́?"

"Ojú omi."

"Odò Àlà yìí náà?"

Mo wojú ẹ̀. Odò Àlà tí ewúrẹ́ ń là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn! Mo mú sáńpépà, mo pa Àkúrẹ́ rẹ́, mo kọ ÌGBÓKÒDÁ dípò rẹ̀. Ẹ wá ọmọdé kan tí yóò máa béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fi ọ̀dà kan nǹkan.

Òṣùwọ̀n

Mo lo 1/48, ìyẹn ni pé mítà kan di sẹ̀ǹtímítà méjì ó lé díẹ̀. Apá Beaver gidi gùn ní mítà 14.63 láti orí kan dé èkejì. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30.5. Ènìyàn tó ga ní mítà 1.70 di sẹ̀ǹtímítà 3.5. Ọkọ̀ àjẹ̀ tó gùn ní mítà mẹ́fà di 12.5. Bí àyè yín bá kéré, 1/72 dára, apá báálù á di sẹ̀ǹtímítà 20.3. Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ má pa òṣùwọ̀n méjì pọ̀. Ènìyàn 1/72 lẹ́gbẹ̀ẹ́ báálù 1/48 á dà bí ọmọ ọdún mẹ́fà tó wọ aṣọ bàbá rẹ̀.

Bàtà omi

Àlòkù ni àwòṣe báálù oníke tí mo rà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó tà á kò sọ fún mi pé bàtà omi méjèèjì kò sí nínú páálí mọ́, táyà nìkan ló kù. Mo bínú fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni mo gba ìsọ̀ pákó lọ, mo ní kí bàbá káfíńtà bá mi wá àjákù arère. "Kí lo fẹ́ fi irú igi fúyẹ́fúyẹ́ yìí kàn, ọmọ mi? Kò lè gbé àga o." Mo ní báálù ni, bàbá. Ó rẹ́rìn-ín, kò gba kọ́bọ̀. Arère yìí kan náà ni àwọn tó ń ṣe àwòṣe nílẹ̀ òkèèrè ń rà ní owó gọbọi lábẹ́ orúkọ obeche. Ó fúyẹ́, ó rọrùn fún ọ̀bẹ, kì í sì í là bí ẹ bá ń gbẹ́ ẹ jẹ́jẹ́.

Ẹ gé igi méjì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 16, tó fẹ̀ tó sì ga ní 1.7. Ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí ẹ lè gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan má baà sanra ju èkejì lọ, kí ẹ tó yà wọ́n. Imú á ga sókè bíi ti ọkọ̀ àjẹ̀, á sì yọ síwájú fáànù díẹ̀. Abẹ́ á rí bíi V. Ní agbede-méjì abẹ́, ẹ gé àtẹ̀gùn kan, kí apá ẹ̀yìn ga ju apá iwájú lọ ní nǹkan bíi mìlímítà méjì. Àtẹ̀gùn yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọ abẹ́ bàtà kí omi tó dì í mú lè tú u sílẹ̀ nígbà tí báálù bá ń sáré àtifò. Ẹ gbé e sí ẹ̀yìn díẹ̀ sí ibi tí báálù ti lè dọ́gba bí ẹ bá fi ìka méjì gbé e lábẹ́ apá. Bí ó bá wà níwájú jù, ẹni tó mọ báálù á rí i láti ẹnu ọ̀nà.

Ó wá ku bí bàtà ṣe yẹ kó tóbi tó. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀lé ni pé bàtà méjèèjì pa pọ̀ gbọ́dọ̀ lè gbé ìwọ̀n báálù, kí ó sì ku ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Beaver tó wọ bàtà omi, tó sì kún, wọn kílò 2,309. Bàtà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ti omi kílò 2,077 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹ bá rì í pátápátá. Ẹ pín in fún 48 lẹ́ẹ̀mẹta: ó di mìlílítà 18.8. Nítorí náà, ẹ fi fánníìṣì pa bàtà yín kó má baà mu omi, ẹ gé orí ike omi kan kúrò, ẹ kún un dé ẹnu nínú abọ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ ti bàtà náà wọlé ṣánṣán (arère kò ní fẹ́ wọlé, ẹ fipá tì í). Ẹ fi síríńjì 20 mìlílítà fa omi tó dà sínú abọ́. Tèmi kọ́kọ́ jẹ́ 21.5. Mo há a sí i. Lẹ́ẹ̀kẹta ó di 19, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀; ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 15.

Ọgbọ́n kejì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Níbo ni omi yẹ kó dé lára bàtà? Ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ fi igi súyà méjì so bàtà méjèèjì pọ̀ bí wọn yóò ṣe wà lábẹ́ báálù. Kílò 2,309 lójú òṣùwọ̀n wa jẹ́ gíráàmù 20.9, nítorí náà ẹ gbé bàtà náà sórí òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ta wúrà ń lò, ẹ máa to ìṣó wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi wọn gíráàmù 20.9. Ẹ wá gbé e sínú báàsíà omi. Yóò rì fúnra rẹ̀ dé ibi tó yẹ kó rì sí, á fi díẹ̀ ju ìdajì lọ sábẹ́ omi. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà síbẹ̀ yíká. Bí báálù yín bá ṣófo nínú ìtàn, ẹ yọ ìṣó díẹ̀ kúrò, á ga sókè. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ yìí jẹ́ nìyẹn: wọ́n á gbé báálù lé orí omi bí ìgbà tí wọ́n gbé abọ́ lé orí tábìlì.

Ìyókù bàtà kò pọ̀: òpó tín-ín-rín mẹ́rin mẹ́rin tó gbé ara báálù, ìtọ́kọ̀ kékeré ní ìdí bàtà kọ̀ọ̀kan, ráábà dúdú ní imú, àti ihò wẹ́wẹ́ mélòó kan lórí rẹ̀. Inú ihò yẹn ni wọ́n ti ń fa omi jáde láràárọ̀, nítorí kò sí bàtà omi tí kì í jò.

Ọ̀dà

Mo kun tèmi ní funfun àti ewé, fáànù dúdú pẹ̀lú etí òféfèé. Ọ̀dà mọ́tò inú agolo ń ṣiṣẹ́ lórí ike bí ẹ bá kọ́kọ́ fi práímà fín in, tí ẹ sì ń fín in ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má fín in nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá; ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á mú kó funfun bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun lé e. Nínú ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku. Ẹ wá ọ̀sán tó gbẹ, kí ẹ ti fèrèsé apá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. 5N-ILJ, mo tẹ̀ ẹ́ sórí sítíkà aláìláwọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, mo gé e súnmọ́ lẹ́tà, mo fín fánníìṣì bò ó. Ẹ fi àwọ̀ ewé dúdú tó ti ṣá kun ìlà tín-ín-rín sí ibi tí ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí. Ibẹ̀ ni ewéédò máa ń lẹ̀ mọ́.

Omi

Ẹ gbàgbé omi aláwọ̀ búlúù tó wà nínú fọ́tò àwọn òyìnbó. Etí òkun Ìlàjẹ ẹrẹ̀ ni, kì í ṣe iyanrìn funfun. Omi inú ipa odò rẹ̀ sì ṣú bíi tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Òótọ́ yìí á gbà yín lówó là. Epoxy, oje olómi tó máa ń dì gbagidi tó sì ń dán bíi gíláàsì, wọ́n; tí omi bá sì ṣú báyìí, kò sẹ́ni tó ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sídìí tí ẹ fi máa da epoxy nípọn. Ojú omi mi fẹ̀ ní 40 lọ́nà 34. Bí mo bá da sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, lítà mẹ́rin ni. Mìlímítà mẹ́ta péré ni mo dà, kò tó ìdajì lítà.

Ẹ lẹ fóòmù inú páálí tẹlifíṣọ̀n mọ́ orí pílíwúùdù, kó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀. Ẹ kan igi yí i ká kí etí rẹ̀ ga ju fóòmù lọ díẹ̀. Ẹ gbé bàtà lé e, ẹ fa ojú ìlà rẹ̀, kí ẹ gbẹ́ kòtò méjì tí bàtà máa wọ̀ sí, kí ìlà pẹ́ńsùlù wà ní mìlímítà mẹ́ta sókè ojú fóòmù. Ẹ fi Top Bond, gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ da bébà ìnùdí tí ẹ ti rẹ sínú rẹ̀ bo ojú rẹ̀, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó ní ìgbì wẹ́wẹ́. Ó gbọ́dọ̀ di ihò kọ̀ọ̀kan pa, torí epoxy á wá ihò kiri bí òjò ṣe ń wá ihò lára páànù. Ẹ má fín ọ̀dà agolo sí fóòmù tó ṣí sílẹ̀, á jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Ohun kan náà ni rẹ́sìnì tí àwọn tó ń tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe ń lò máa ṣe fún un. Epoxy kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó bá gbẹ, ẹ kun ún ní dúdú àti búráùn níbi jíjìn, kí ẹ jẹ́ kó máa mọ́ díẹ̀díẹ̀ sí àwọ̀ ẹrẹ̀ bó ṣe ń súnmọ́ èbúté.

Èbúté kò le. Igi súyà mìlímítà mẹ́ta dọ́gba pẹ̀lú òpó tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 14, kò sí ohun tí mo mọ̀ tó dára jù ú lọ. Igi áísíkírímù fẹ̀ jù, ẹ là á sí mẹ́ta kó tó di pákó. Ẹ rẹ wọ́n sínú íńkì dúdú tí ẹ fi omi là, kí ẹ gún òpó náà wọ fóòmù láìtò wọ́n tààrà jù. Fọ́tò Ayétòrò àtijọ́ ni mo wò tí mo fi to tèmi: ọ̀nà onípákó lórí òpó, ilé lọ́tùn-ún lósì. Òkun ti gbé púpọ̀ nínú ìlú yẹn lọ báyìí. Mo lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí pákó tí kò gùn ju ọwọ́ mi lọ, n kò kánjú.

Dída epoxy

Ẹ gbé báálù sínú kòtò rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ fi bébà àti Top Bond dí àlàfo, ẹ kun ibẹ̀. Ẹ rí i pé tábìlì tẹ́jú dọ́gba. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ lé àwọn ọmọdé jáde, títí kan oníbèéèrè yẹn.

Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí ẹ tẹ̀lé lórí ìpín méjèèjì. Àwọn kan jẹ́ méjì sí ọ̀kan, àwọn mìíràn jẹ́ ọgbọọgba. Ẹ rò ó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ fá ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ife, ẹ dà á sínú ife mìíràn, kí ẹ tún rò ó. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ife àkọ́kọ́ láìpò dáadáa kò ní gbẹ láéláé. Ẹ fi orí túùtípíìkì kan ọ̀dà olóróró búráùn, kí ẹ fi ro ó. Omi kò gbọdọ̀ kàn án.

Ẹ dà á lẹ́ẹ̀mejì, mìlímítà kan àti ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọjọ́ kan là wọ́n láàárín. Ẹ̀kọ́ yìí ná mi lówó. Nínú oṣù Kẹta, nígbà tí oòrùn Àkúrẹ́ ń hó bí omi inú ìkòkò, mo da sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan sórí pátákó kékeré tí mo fi ń dánra wò, mo sì fi èyí tó kù sílẹ̀ nínú ife. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ife náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Mo fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ pátákó, mo yára fà á kúrò. Ara epoxy fúnra rẹ̀ ló ń mú ooru jáde. Bó bá ṣe nípọn tó ni ooru ṣe ń há sínú rẹ̀. Nígbà tó tutù, ó ti sán láti igun dé igun, ọkọ̀ ike kékeré tí mo gbé sí i sì ti wọ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù.

Ẹ fi iná láítà kọjá lórí rẹ̀ wéré, ẹ má dúró, àwọn èéhó á bẹ́. Ẹ wá fi páálí bò ó. Mo ní kí ẹ fi páálí bò ó o! Ní alẹ́ tí mo da ìpele kejì, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, iná sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èsúnsún ya wọlé. Mo bo pátákó, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti bà sórí omi náà, ó na ìyẹ́ méjì lélẹ̀. Ní 1/48, ìyẹ́ yẹn gùn ju ẹsẹ̀ ọkùnrin orí bàtà lọ. Mo fi abẹ́rẹ́ yọ ara rẹ̀, ìyẹ́ kan ṣẹ́kù, ó wà níbẹ̀ di òní. Mo ti gbé ọkọ̀ àjẹ̀ lé e lórí.

Ohun tó kù

Ẹ fúnka Top Bond pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì líle yíká òpó àti bàtà, kó gbẹ, ẹ kun fánníìṣì dídán bò ó, torí Top Bond nìkan á tún rọ̀ nígbà òjò. Báálù mi dúró, nítorí náà òrùka ìgbì wẹ́wẹ́ nìkan ló yí i ká, kò sí ìfófòó.

Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ẹ jẹ́ káwọn náà lékè epoxy. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò sí fáìlì ní ọ́fíìsì máa ń gé bébà roboto mìlímítà mẹ́fà: ìyẹn ni ewé òṣíbàtà tó fẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 29 gẹ́lẹ́. Ẹ kun bébà ní àwọ̀ ewé, ẹ lù ú, ẹ gé ẹnu kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kan ewé kọ̀ọ̀kan. Fún ojúoró, ìyẹ̀fun igi tí ẹ pa láró, ní ṣùùrù ṣùùrù mìlímítà mẹ́ta. Ẹ kó wọn jọ sẹ́bàá òpó níbi tí omi ò ti sáré.

Ọkùnrin tó ń fa omi, wáyà ni egungun rẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ jẹ́ gọ́ọ̀mù "four minutes" tí àwọn mẹkáníìkì ń lò, tí mo fi pàúdà ọmọdé pò títí ó fi le bí ẹ̀kọ. Okùn tó so báálù mọ́ èbúté jẹ́ òwú ìránṣọ tí mo fi àbẹ́là pa. Ẹ má fà á le gbọnrangandan: ẹ jẹ́ kí àárín rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, kó kan omi.

Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ kúrò lójú oòrùn, nítorí epoxy máa ń pọ́n bó bá pẹ́. Tèmi ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, omi Ìlàjẹ sì ni, kò tíì sẹ́ni tó kíyè sí i.